Ògiri Funfun Zuwéná

Kí ọkọ̀ eléèéfín tó gbọ́ orúkọ ìlú wa rárá, ògiri kan ṣoṣo ló ń mú ọkọ̀ wọ èbúté Ràs Súwédì. Òkè wà lẹ́yìn wa, òkun wà níwájú, àpáta sì lúgọ sábẹ́ omi. Ọ̀gá ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ yóò wá ògiri funfun náà, yóò darí ọkọ̀ títí ògiri yóò fi bọ́ sábẹ́ àlàfo orí òkè gẹ́lẹ́, yóò wá máa bọ̀ tààrà. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn kì í fi kun ilé rẹ̀ lẹ́fun nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú òkun. Olówó ni o, tálákà ni o, ilé alámọ̀ la ń gbé.

Zuwéná, ọ̀rẹ́ mi, ló ni ògiri náà. Ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti gbà á. Lọ́dọọdún, bí ìjì bá ti rọlẹ̀, á jó iyùn òkun di ẹfun, á pò ó, á sì gun àkàbà fúnra rẹ̀. Òkun ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí, nítorí Bakíìtì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti di ọ̀gá ọkọ̀. "Ojú mi ni ọmọ yẹn ń wò wálé," ó máa ń sọ fún mi bẹ́ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní àbúrò kan, Musálámù. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ni ìyá wọn bá lọ, ẹ̀yìn Zuwéná ló sì dàgbà sí. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tùràrí sọ ọ́ di olówó, ó kọ́ ilé gogoro sétí omi lẹ́yìn tí Bakíìtì ti lọ sí Sànsíbà. Nígbà tó gbọ́ pé aṣojú ọba ń bọ̀ wá kí òun, ó ní ojú ń ti òun láti gbà á sílé ẹlẹ́rẹ̀. Ó ní òun yóò kùn ún lẹ́fun.

Èmi àti Zuwéná jọ lọ bá a. Ó gbé kọfí fún wa.

"Musálámù, ọmọ mi ò tíì dé o," Zuwéná wí. "Kò mọ̀ pé ilé wà níbí. Tó bá rí tìẹ, tèmi ló máa pè é."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ọmọ tèmi náà kọ́ ni? Mi ò ní fọwọ́ kàn án títí á fi dé."

"Búra."

"Mo fi ẹ̀yìn tẹ́ ẹ fi pọ̀n mí búra."

"Ẹnu rẹ kúkú dùn ju dàbínù lọ," mo ní. "Ká máa wo ọwọ́ ẹ ná."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Sálímù, ẹ̀yin náà ò gba èèyàn gbọ́ rí."

Zuwéná bá mi jà délé. Ó ní mo fẹ́ ba àárín ọmọ ìyá méjì jẹ́.

Kò pẹ́ tí aṣojú ọba ránṣẹ́ pé òun ti wà lọ́nà. Nígbà tí a máa jí, ilé Musálámù ti funfun láti òkè délẹ̀. Zuwéná sáré lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ní ó ṣì ń sùn. Ibi tó ti ń kàn án lọ́wọ́ la ti gbọ́ tí ẹnìkan kígbe pé ìgbòkun ń bọ̀.

Ọkọ̀ Bakíìtì ni. A fi aṣọ pupa tí ìyá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìgbòkun dá a mọ̀. Ilé Musálámù ló kọ imú ọkọ̀ sí. Gbogbo wa ya lọ sétíkun, a bọ́ ìborùn, a ń jù ú, a ń kígbe pé kó yà. Ó rò pé à ń kí òun káàbọ̀ ni. Ó dìde dúró, ó ń juwọ́ sí wa. Ó ṣì ń juwọ́ nígbà tí àpáta já okùn tí wọ́n fi rán pákó ọkọ̀ náà pọ̀, tí pákó tú ká.

Àwọn apẹja yọ àwọn kan láàyè. Bakíìtì kò sí lára wọn.

Aṣojú ọba wá, ó mu kọfí, ó lọ. Musálámù náà wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ọ̀fọ̀. "Kádàrá ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí Ọlọ́run bá ti kọ, kò ṣeé parẹ́."

"Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani," mo sọ ọ́ sí Musálámù létí. Zuwéná ní kí n dákẹ́. Ó ní bóyá kádàrá ni lóòótọ́. Òun ló tọ́ Musálámù dàgbà. Ó nira fún un láti gbà pé ó lè dalẹ̀ òun.

Ilé náà wà ní funfun bẹ́ẹ̀, títí a fi gbọ́ pé ọkọ̀ Musálámù fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti Básírà, tòun tìrẹsì àti dàbínù. Zuwéná po ẹfun láti tún ògiri rẹ̀ kùn. Ó ní ọmọ ẹlòmíràn ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ó wà lórí àkàbà nígbà tó wo apá ìsàlẹ̀, tọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Èmi náà wò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ Musálámù ń fi ẹrẹ̀ rẹ́ ilé funfun náà. Kí oòrùn tó mú, ó ti rí bíi tàwa yòókù.

Zuwéná sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá a níbi tó ti ń pàṣẹ.

"Musálámù, èyí tí Ọlọ́run kọ fún ọkọ̀ tìẹ ńkọ́?"

Kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ yìí ná, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, ó sì nawọ́ sí igun ògiri kan tí àwọn òṣìṣẹ́ fò, tó ṣì funfun.