Ọjọ́ tí Emẹsẹ̀ Mi Kọ̀ láti Gbẹnu Sọ

"Kábíyèsí o!" ló ta sí mi létí láti pálọ̀ lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo sì gbàgbé ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ mi. Kàtúùn aláwàdà kan ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wò nínú ilé wa ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ọba kan wà nínú rẹ̀, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, adé rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í pẹ́ lójú ìran. Ìgbà tí gbogbo ìlú bá ti bára wọn jà tán ló máa ń yọ, á sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí emẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin, emẹsẹ̀ á sì ké e síta pé Kábíyèsí ti dárí ji gbogbo wọn. Ó parí. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti jẹ ọba yẹn rí.

Akólòlò ni mí ní kékeré. Ẹ má wulẹ̀ káàánú mi, ẹ̀yin ọmọ, mo ti káàánú ara mi tó. Ní ilé ìwé wa nítòsí Ọjà Ọba, bí tíṣà bá pe orúkọ mi, kí n tó jẹ́ "Pésẹ́ǹtì, sà", wọ́n ti pe ẹni mẹ́ta mìíràn kọjá. Kọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ló máa ń bá mi dáhùn. Nígbà tá a fẹ́ ṣe eré òpin ọdún, tíṣà wa obìnrin fi mí ṣe ọba. Ó ní ọba kì í pariwo láàrin èrò, etí emẹsẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ sí. Kọ́lá sì ni emẹsẹ̀. Ìyá mi fi páálí ṣe adé fún mi, ó yá ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan ní ọjà láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Síbẹ̀, ó ń dùn mí. Ìran ìkẹyìn, níbi tí ọba ti dá olè iṣu sílẹ̀, ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa rántí mi bí ọba tí kò lóhùn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láràárọ̀, mo ń lọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa níbi tí àwọn ìyá wa ń sá èlùbọ́ sí, mo ń dá ẹjọ́ fún èlùbọ́. Kọ́lá nìkan ló mọ̀.

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," ló máa ń wí, tá a ó sì jọ bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ eré pé. Wọ́n wọ́ olè wá síwájú mi, mo rí gbogbo ojú tó ń wò mí, mo pa ohun tí mo fẹ́ ṣe tì. Mo sọ̀rọ̀ sétí Kọ́lá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kọ́lá nà ró, ó kọjú sí èrò.

"Kábíyèsí ní ẹnu ara àwọn làwọn yóò fi dá ẹjọ́ yìí!"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Kò sí ibi tí mo lè sá sí. Mo lanu, "Ẹ t-t-t", ó há. Àwọn ọmọ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà níwájú tí kò mọ̀ pé mò ń kólòlò. Lójú tirẹ̀, ọba ló dákẹ́, bí ọba bá sì dákẹ́, kíkí là ń kí i. Ìyá kúnlẹ̀ fún adé páálí.

"Kábíyèsí o!"

Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ gbè é. Ibi tí mo bá ti há, wọ́n á kí mi, èmi á mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tún jáde díẹ̀.

"Ẹ t-tú u sílẹ̀. Ebi ló pa á. Kó gbé uṣu ọ̀hún lọ ulé." Èdè ìlú wa ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba gbé iṣẹ́ bàbá Kọ́lá lọ sí ìlú mìíràn. Mi ò fojú kàn án mọ́, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ń dùn mí dòní. Wọ́n ti fọ́ àpáta yẹn, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo gbà lọ́jọ́ náà, òun ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Tèmítọ́pẹ́, àbíkẹ́yìn àwọn ọmọ-ọmọ mi, ló jogún ahọ́n mi. Nígbà tí kàtúùn parí, ó sáré wá bá mi.

"Bàbá àgbà, ọ-ọ-ọba yẹn..."

"Ó fẹ́ sọ pé..." ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á lẹ́nu.

"Panu dé," mo wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní gbẹnu sọ fún un mọ́ nínú ilé yìí."

Tèmítọ́pẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ó tún há, omi ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Mo dìde lórí àga. Mo ṣí fìlà mi.

"Kábíyèsí o!"

Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́ tán.