Síléètì Tí Mo Fi Ahọ́n Nù

Ọjọ́ tí tíṣà wa ní kí n fi ahọ́n nu síléètì mi l'Ádó-Èkìtì kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Bí ó ti máa ń ṣe ẹni tó bá ṣi ìṣirò nìyẹn. Ẹ̀rù ìṣirò kò bà mí tẹ́lẹ̀, torí mo fẹ́ràn kí n máa ka òwú nídìí òfì ìyá mi.

Lọ́jọ́ náà, tíṣà bi mí ní méjìdínlógún lọ́nà mẹ́sàn-án. Mo ka ogún lọ́nà mẹ́sàn-án, mo yọ méjì kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ méjìlélọ́gọ́jọ.

“Irọ́ ni. Lá a.”

Mo lá a. Ẹfun, itọ́ àná, ìdọ̀tí ọwọ́.

Tíṣà kọ méjìléláàádọ́jọ sójú pátákó. Nígbà tó ṣe ìṣirò náà lójú wa, tèmi ló já sí. Ó fa àkísà yọ, ó nu tirẹ̀ kúrò.

Fọlákẹ́ tó jókòó tì mí ní, “Tíṣà, ẹ ò ní lá tiyín ni?”

Ẹgba mẹ́fà ni ó fi dá a lóhùn.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó nawọ́ mọ́ nínú wa. Mo ṣì ń ka òwú títí dòní, ṣùgbọ́n bí mo bá rí ìṣirò lójú pátákó, itọ́ ló ń kún mi lẹ́nu.