Ìkòkò Tí A Fi Se Iyẹ̀pẹ̀

Tòmátì ni kò jẹ́ kí ìyá mi bá Mama 'Yan Biyu sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé wa àti tirẹ̀ fara kanra nínú bárékè ọlọ́pàá tí a ń gbé ní Maiduguri. Ògiri kan ló pín àgbàlá méjèèjì, kò sì ga ju àyà ènìyàn lọ. Kanuri ni Mama 'Yan Biyu, ọlọ́pàá ni ọkọ rẹ̀ bíi bàbá mi. Ìyá ìbejì ni ìtumọ̀ orúkọ tí gbogbo bárékè ń pè é yìí lédè Hausa. Òun náà ń pe ìyá mi ní Bayarabiya, obìnrin Yorùbá, bí ẹni pé kò sí òmíràn nínú ìlú. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn ṣeré lórí ògiri yẹn. Ní ọdún tí mo jáde ní yunifásítì, ògiri dákẹ́.

Ìyá mi gbin tòmátì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà nígbà ọyẹ́, ó gbin ilá sí àárín wọn. Bí tòmátì ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í so, àwọn tó sún mọ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Wọ́n á tẹríba lọ́sàn-án, wọ́n á tún gbórí díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, títí wọn ò fi lè gbé e mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ abẹ́ wọn tutù. Ìyá mi wá rí i pé omi ọṣẹ ń gba ihò kan lábẹ́ ògiri wọlé, láti ibi tí Mama 'Yan Biyu ti ń fọṣọ. Ó dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀.

"Omi ọṣẹ ló fi pa wọ́n. Mo sì ti sọ fún un pé kó máa da omi rẹ̀ síwájú ilé."

"Mọ́mì, ṣé ẹ sọ ọ́ lóòótọ́?"

"Ojú ni mo fi sọ ọ́."

Àrùn irè oko ni mo kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà ó retí pé kí n gbè é lẹ́yìn. Mo ní mi ò tíì mọ ohun tó pa wọ́n. Ìdáhùn yẹn dùn ún ju ikú tòmátì lọ. Mo gbọ́ tó ń wí fún bàbá mi ní yàrá pé, "A rán ọmọ lọ kẹ́kọ̀ọ́, ó dé, ó ní òun ò tíì mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé dé pé wọ́n ti gbé ọkọ Mama 'Yan Biyu lọ sí Gombe, wọn yóò sì kó lọ ní ìparí oṣù. Ẹnu ẹlòmíràn ni ìyá mi ti gbọ́ ọ. Ó ní, "Kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn," ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wo inú àwo náà dáadáa, ẹ̀wà tó ti ṣà tán láàárọ̀ ló tún ń ṣà. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé bí obìnrin yẹn bá lọ láìsí pé wọ́n sọ̀rọ̀, ìyá mi yóò máa ṣa ẹ̀wà ṣíṣà fún ìgbà pípẹ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ mí lóminú ni ilá. Omi ọṣẹ kan náà ń dé ìdí rẹ̀, ó sì ń dán gbinrin. Ìyẹn nìkan kò tó láti dá ọṣẹ láre, nítorí ó lè jẹ́ pé ilá lágbára jù. Mo fa tòmátì kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ kò yọ kókó, nítorí náà kì í ṣe àwọn aràn tín-ín-rín inú ilẹ̀ ló ṣe é. Mo gé igi rẹ̀, mo tì í bọ inú omi nínú ọ̀kan lára gíláàsì àlejò ìyá mi. Bó bá jẹ́ bakitéríà ni, oje funfun yóò máa já bọ́ láti ojú ọgbẹ́ náà bí èéfín. Omi náà mọ́ gaara. Mo wá la igi yòókù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lábẹ́ èèpo, ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú kan ti ìdí gbòǹgbò gùn ún lọ sókè.

"Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni," ni mo sọ fún ìyá mi. "Ìbátan olú, àti ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ó lè sùn síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìjẹ láìmu."

"Ta ló wá jí i?"

"Gbòǹgbò. Gbòǹgbò máa ń tú omi adùn díẹ̀ sínú ilẹ̀. Tí èyí bá ti gbọ́ ọ, ó jí nìyẹn, á yọ okùn tín-ín-rín bí òwú, á gba ṣóńṣó gbòǹgbò tàbí ojú ọgbẹ́ wọlé. Ó máa wọ ibi tí omi ń gbà gòkè, á sì dí i. Omi wà nílẹ̀, kò lè dé orí ewé."

"Ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ tó jí lójú oorun. Bàbá rẹ nìyẹn." Ó gbé gíláàsì rẹ̀. "Ẹ̀rí dà?"

Mo ní a lè se iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, kí ooru pa ohun tó wà nínú rẹ̀, ká gbin tòmátì sínú èyí tí a sè àti èyí tí a kò sè, ká sì wo èyí tó máa rọ. Ó ní ìkòkò òun kọ́. Mo lọ sí àdúgbò Hausari, mo ra ògbólógbòó ìkòkò kan lọ́wọ́ bàbá tó ń ta àlòkù. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi sè. Mo ní iyẹ̀pẹ̀. Ó wò mí díẹ̀, ó ní kí n má gbàgbé iyọ̀.

Mo gbé e kaná èédú ní àgbàlá, mo wọ́n omi sí i, mo dé e. Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà. Orí kan yọ lórí ògiri.

"Bayarabiya, kí lẹ ń sè?"

Ìyá mi kò wò ó. Èmi ló kọjú sí. "Sọ fún un pé iyẹ̀pẹ̀ ni."

"Iyẹ̀pẹ̀ ni," ni mo wí.

"Wallahi? Ṣé owó oṣù ò tíì wọlé ni?"

Ìyá mi fi etí ìró bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo yára ṣàlàyé ohun tí mò ń wá fún Mama 'Yan Biyu, mi ò dárúkọ omi ọṣẹ. Ó wọlé, ó sì gbé agolo mílíìkì ńlá kan jáde. Tòmátì kan ti kú sínú rẹ̀.

"Èyí tí ìyá rẹ fún mi nìyí. Omi mímu ni mò ń bu sí i. Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣa èyí tó ń kú lọ fún mi ni, ni mo ṣe dákẹ́."

"Èmi?" Ìyá mi gbàgbé pé òun kò bá a sọ̀rọ̀. "Èmi tí mo ṣa èyí tó dára jù fún ọ?"

Mo la igi náà níwájú wọn. Ìlà kan náà ló wà nínú rẹ̀.

A wá wá orísun rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé ní Bulumkutu, ni ìyá mi ti gba àwọn tó gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àti èyí tó wà nínú agolo. Ìyá mi kì í gba irúgbìn láìsí ìṣù iyẹ̀pẹ̀ nídìí rẹ̀, kì í sì í fúnni láìsí i. Ó gbà pé ewéko tó bá kúrò nílé láìmú iyẹ̀pẹ̀ ilé rẹ̀ dání, àárò ilé ni yóò pa á. Ó ṣeé ṣe kí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún ló gbé àrùn náà wá. Mo ní "ó ṣeé ṣe," torí mi ò dé Bulumkutu lọ wò ó. Nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ tí mo sè tutù, mo bù ú sínú garawa kan, mo bu èyí tí a kò sè sínú òmíràn, mo sì gbin hóró tòmátì sínú méjèèjì.

"Nígbà wo lèsì máa jáde?" ni ìyá mi bi mí.

"Ó máa pẹ́ díẹ̀. Kì í tètè hàn."

"Ìparí oṣù ni wọ́n ń lọ."

Kò dúró de èsì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó se mọ́ínmọ́ín, ó gbé e gba ẹnu ọ̀nà lọ sílé Mama 'Yan Biyu, kì í ṣe orí ògiri. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ló tó dé, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún? A jọ jẹ mọ́ínmọ́ín ni."

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, ó gbé tòmátì tuntun kan fún un nínú agolo, èyí tó hù láti inú hóró tí a rà ní ọjà Bulabulin, nínú iyẹ̀pẹ̀ tí mo sè.

Mama 'Yan Biyu tẹ iyẹ̀pẹ̀ náà wò. "Ṣé ó ti jinná?"

"Mo ti tọ́ ọ wò."

Wọ́n ti lọ tipẹ́ kí tòmátì inú iyẹ̀pẹ̀ tí a kò sè tó tẹríba. Èyí tí a sè dúró ṣinṣin, ó tanná. Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé garawa ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò tó láti fi pinnu, pé ó yẹ kí n tún un ṣe, kí n sì fi púpọ̀ ṣe é.

"Ìwọ tún un ṣe," ó wí. Ó ti ń pe Gombe lórí fóònù. "Bayarabiya ló ń pè ọ́. Tìrẹ ńkọ́, ṣé ó ti so?"