Nítorí Etí Ìyá Mi

Ó ti pẹ́ tí èmi àti ìyá mi ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ariwo la kàn ń pa. Màmá wà ní Òsì, ìlú wa, èmi wà ní Kàlàbá níbi tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé mi lọ, etí Màmá sì ti ń di díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá pè é lórí fóònù, á ní, "Hẹ̀n? Ta nìyẹn?" Èmi náà á wá fi gbogbo agbára pariwo. Kò sí aládùúgbò mi tí kò mọ̀ pé orúnkún ń dun Màmá. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá pàápàá ń bá mi kí i. Tó bá yá, á rẹ̀ ẹ́. Á ní, "Ó dáa, ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ," á sì gbé fóònù sílẹ̀ láìgbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo pè é fún.

Àárò ilé sì ń sọ mí, kì í ṣe díẹ̀. Níbi tí mo wà yìí, kò sí ẹni tó ń pe ilé ní "ulé" létí mi, kò sí ẹni tó ń pe iṣu ní "uṣu". Àwọn Yorùbá tí mo bá níbí, ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni wọ́n. Bí èdè wa bá ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi, ńṣe ni wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà jìn, àyàfi ọdún tàbí ìsìnkú ló ń gbé mi délé.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin, ló mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sétí, pé bí Màmá bá lò ó, á gbọ́ wa dáadáa. Mo ní èmi ni màá rà á. Mo rí i lórí fóònù mi, lójú ewé ọlọ́jà kan tí n kò mọ̀ rí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá mi tó wà ní Òsì ni mo fẹ́ rà á fún, mo sì fi nọ́ńbà mi sílẹ̀. Ẹ wo èmi náà, tí mo lọ ń kéde ìlú ìyá mi fún gbogbo ayé!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan pè mí. Èdè wa ló fi kí mi. Kì í ṣe Yorùbá inú ìwé o, èdè wa gan-an. Ó béèrè àwọn ará "ulé", ó ní òjò ti ba ọ̀nà Odò-Ọwá jẹ́, kí n má gba ibẹ̀ bí mo bá ń bọ̀. Háà! Ara mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge tí wọ́n ń dẹnu kọ.

Ó ní òun ló ń ta ẹ̀rọ náà, pé ẹyọ kan ló kù, kí n ka nọ́ńbà ojú káàdì báńkì mi kí òun bá mi parí ẹ̀ kíá. Mo kà á. Mo ka nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì náà, èyí tí wọ́n ní kéèyàn má fi han ẹnikẹ́ni. Ṣé ará ilé ẹni náà ni wọ́n ń pè ní ẹnikẹ́ni? Lọ́dọ̀ wa, ará ilé ẹni la ń fowó rán lọ sọ́jà, a kì í bi í pé èló ló ná.

Fóònù mi dún. Báńkì ti fi nọ́ńbà mìíràn ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnì kankan, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn fún mi."

Mo la ẹnu láti kà á. Ṣùgbọ́n kò wù mí kí ọ̀rọ̀ wa tán. Kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i létí mi ni mo ṣe béèrè ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ béèrè: "Ọmọ ilé ta ni ẹ́?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ti owó ná."

Bi ọmọ wa ní ọmọ ilé ta ni, kó o tó bi í tán á ti ka bàbá rẹ̀, á ti ka bàbá bàbá rẹ̀, á sì sọ igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn fún ọ. Owó lè dúró, ìyẹn kì í dúró. Mo tún béèrè. Ó ní nọ́ńbà yẹn ò ní pẹ́ bàjẹ́, kí n tètè kà á. Mo pa fóònù, mo pe báńkì, mo ní kí wọ́n ti káàdì náà pa.

Nígbà tí mo ròyìn fún àbúrò mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí láàyè. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹni tí ẹ ò rí ojú ẹ̀? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi!" Ó ní kí n gba káàdì mìíràn tí owó inú rẹ̀ kò ní ju ti ọjà lọ, kí n máa fọwọ́ ara mi tẹ àdírẹ́sì ọlọ́jà orí íńtánẹ́ẹ̀tì dípò kí n tẹ̀ lé èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, àti pé èmi nìkan ni kí n máa tẹ nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́, kó má gba ẹnu mi jáde láé. Mo ní mo ti gbọ́, kó yéé pariwo mọ́ mi.

Owó mi kò lọ, síbẹ̀ mo sunkún. Ta ló lè sọ èdè yẹn báyẹn bí kò bá ṣe ẹni tí ìyá rẹ̀ fi jí i láàárọ̀? Ọmọ wa ni, ó sì ń tijú láti dárúkọ bàbá rẹ̀ fún mi. Kí n má purọ́, ohùn rẹ̀ ṣì ń wù mí gbọ́.

Ilé ìtajà tí dókítà mọ̀ ní Ìlọrin ni mo ti wá ra ẹ̀rọ náà, mo sì fọwọ́ ara mi tẹ gbogbo ẹ̀. Àbúrò mi gbé e lọ sí Òsì, ó fi í sétí Màmá, ó sì pè mí. Mo pariwo bí mo ṣe máa ń ṣe: "Màmá! Ẹ kú ilé o!"

"Rọra," ni Màmá wí. "Mò ń gbọ́ ẹ."

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo béèrè orúnkún rẹ̀, mo ní mo jẹun, mo ní ara mi le.

Lẹ́yìn náà ni Màmá ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo ni ohùn rẹ di ti àgbàlagbà báyìí?"