Ìyá Àgbà àti Ìkòkò Àdín

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Kemta, òórùn àdín ni wọ́n fi ń mọ ilé wa. Ìyá tó bí ìyá mi ló ń ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, inú ike lẹ ti ń rí àdín, ẹ ò mọ ìyà tó wà nídìí ẹ̀. Ìyá àgbà á jókòó ti òkúta, wọ́n á máa fọ́ èkùrọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ wọn á fi bó. Èèpo ẹ̀ kì í ṣòfò, alágbẹ̀dẹ ló ń wá kó o. Ṣákítí tó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò la fi ń dáná ọjọ́ kejì.

Èéfín ti ba ojú wọn jẹ́, etí ni wọ́n fi ń dín àdín. Èkùrọ́ á máa ta nínú ìkòkò, wọn ò ní mira. Tó bá yá, ariwo yẹn á rọlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ti dé," wọ́n á gbé e kúrò lórí iná. Kò jóná rí.

Wọ́n á pè mí: "Ọmọ mi, súnmọ́ bí, wá gbọ́ ọ. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa ṣe é?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, aṣọ iléèwé mi á rùn."

Ọmọ aládìn-ín ni wọ́n ń pè mí níléèwé, wọ́n á sì dimú. Ojú ń tì mí, jàre! Nígbà tí mo lọ kàwé ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ìyá àgbà ránṣẹ́ pé kí n wá kọ́ ọ nígbà ìsinmi. Mo ní ìdánwò ń bọ̀. Irọ́ ni. Kí ìsinmi mìíràn tó dé, wọ́n ti kú.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó bímọ. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi ṣe àdín ilé yín fún ọmọ." Mo ra èkùrọ́ tí ẹ̀rọ ti fọ́, mo gbé e kaná, mo tẹ́tí. Ó ń ta, ó ń ta. Kí n tó fura, ó ti di eédú.

"Ẹ fi sílẹ̀ mà, ìpara wà," lọmọ mi wí.

Ayé ti yí. Ẹ̀rọ ń fọ́ èkùrọ́, ẹ̀rọ ń fún òróró ẹ̀, èéfín ò bojú ẹnikẹ́ni jẹ́ mọ́. Alhamdulillah. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra. Gbogbo aṣọ ọrùn mi ló ń rùn fún àdín lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi fọ̀ ọ́.