Kọfí Kì Í Ṣe Oúnjẹ

Títí dòní, àyà mi kò tíì balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọfí. Nígbà tí wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn màmá mi, dókítà ní kí wọ́n máa lo hóró òògùn kan láràárọ̀ títí ayé, kí wọ́n tó jẹun rárá. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ní Ayétòrò.

Òògùn lórí ikùn òfo kẹ̀? Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ẹni tó bá lo òògùn láìjẹun, òòyì á kọ́ ọ. Mo bá dá ọgbọ́n tèmi. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní Ìlárá máa ń ra kọfí wá fún wọn láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo ń pò ó gbígbóná, mo ń fi wàrà sí i, òun ni màmá fi ń gbé òògùn mì. Kọfí kì í sáà ṣe oúnjẹ. Èmi olóríkunkun, bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo wa ń làágùn, màmá ń wọ súwẹ́tà. Ojú wọn wú. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á gbàgbé ibi tí wọ́n ń bá a lọ. Bí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń gbé ọwọ́ síwájú imú wọn, bóyá wọ́n ṣì ń mí. Màmá mi ń kú lọ lójú mi, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tó sì fi kún òògùn náà.

“Ṣé Màmá kì í jẹun kí wọ́n tó lò ó?”

“Wọn kì í jẹun, sà.” Ó dá mi lójú bẹ́ẹ̀.

Nígbà kẹta, màmá fúnra wọn rọra dáhùn: “Kọfí nìkan ni ọmọ mi fi ń fún mi ní òògùn náà.”

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kọfí ọ̀hún àti wàrà inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òògùn wọ ara wọn, òun ló fa òtútù, ojú wíwú àti ìgbàgbé náà. Omi lásán ni kí wọ́n máa fi lò ó, kí wákàtí kan sì kọjá kí kọfí tó kan ẹnu wọn. Ó dín òògùn náà kù, ó ní ká padà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe é, láràárọ̀.

Ara màmá ti ń mókun báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wọn wá sùn lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màmá nawọ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọmọ yìí. Kọfí tí ẹ rà fún mi ló fẹ́ fi pa mí.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Èmi náà la ẹnu, ẹ̀rín kò jáde. Mo wo aago. Ó ṣì ku ogún ìṣẹ́jú kí kọfí tó kan ẹnu màmá.