Ẹsẹ̀ Bàbá Mi àti Iná Yẹ́lò

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Bíréèkì ti bàbá mi fúnra wọn wà níbi ẹsẹ̀ wọn nínú ọkọ̀ iṣẹ́, ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń kọ́ mọ́tò. Ó ti wá mọ́ wọn lára. Ọkọ̀ yòówù kí wọ́n wọ̀, tí iná oríta bá ti di yẹ́lò, wọn á tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára.

"Bàbá, kò sí bíréèkì níbẹ̀ o."

"Òfin ní kó o dúró! Àbí ọ̀run lò ń kánjú lọ?"

Lánàá, mo ń gbé wọn bọ̀ láti ọsibítù. Iná di yẹ́lò, mo dúró, mo wo ẹsẹ̀ wọn. Kò mira. Wọ́n ti sùn lọ, wọ́n ń hanrun.

Iná di gríìnì, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Kí wọ́n máa fọn ọ́n lọ. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń wakọ̀. Àná ni bàbá mi tó gbà pé mo mọ̀ ọ́n wà.